Àtúnṣe Kì Í Ṣe Ìbòmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ó kun ògbólógbòó ọkọ̀ ìpẹja onífáíbà ní ọ̀dà kò tíì tún un ṣe. Fáíbà kì í jẹrà, ṣùgbọ́n pákó tí wọ́n sábà máa ń fi sínú ìdí ọkọ̀, níbi tí a ń so ẹ́ńjìnnì mọ́, a máa jẹrà bí omi bá ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́. Bí kò bá dún ketekete, ẹ fura. Ẹ gé èyí tí ó jẹrà kúrò, ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó fi pákó tuntun àti fáíbà dí i. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá já sínú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ọ̀dà kò ní gba apẹja là.