Lẹ́ǹsì Wo Ni Ká Fi Owó Ẹgbẹ́ Rà?

Èrò láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, SS2

Baba tó ń ṣọ́ géètì wa fẹ̀yìn tì ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń sọ fún àwa tí a bá pẹ́ dé pé, "Ẹ sáré wọlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín," tí á sì tún kọ orúkọ wa sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣe ètò ìdágbére fún un nínú gbọ̀ngán, ọwọ́ mi ni kámẹ́rà wà. NẸ́PÀ mú iná lọ kí wọ́n tó pè é jáde. Jẹnẹrétọ̀ ò gbé ju gílóòbù méjì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. Baba jó jáde, ó na ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa. Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo ya á. Nígbà tí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kò sí ọ̀kan tó ṣeé tẹ̀. Nínú èyí tó dára jù, ọwọ́ Baba ti di mẹ́ta, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi.

Ó ti bi mí léèmejì nípa fọ́tò yẹn. Nígbà àkọ́kọ́ mo ní à ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Irọ́ ni. Nígbà kejì, mo rí i lókèèrè ní ibùdókọ̀ Ibafo, mo sì yà sí ẹ̀yìn àwọn alátà kó má bàa rí mi, àmọ́ ó rí mi náà, ó sì béèrè.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Owó tí a ti ń dá láti ọdún tó kọjá, pẹ̀lú èyí tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fi kún un, ti tó ra lẹ́ǹsì kan fún kámẹ́rà Canon wa. Ọ̀kan péré o. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa eré ìdárayá ní lẹ́ǹsì gígùn ni ká rà, èyí tó ń fa ohun tó wà lókèèrè súnmọ́ni, kí wọ́n lè máa ya bọ́ọ̀lù. Àwọn SS1 ní 50mm kékeré yẹn ni, torí wọ́n ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí Instagram. Olùkọ́ wa kan sì ní ká gbàgbé lẹ́ǹsì, ká ra íǹkì àti káádíbọ́ọ̀dù. Èmi ní lẹ́ǹsì súùmù 17-50mm tó ṣí dé f/2.8 ni ká rà, kó jẹ́ tòkúnbọ̀, ká sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ká tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tán kí ẹ tó bú mi.

Lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wa wá nínú páálí ni 18-55mm. Tí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ẹ máa rí 1:3.5-5.6. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe lè fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n òdìkejì ló ń ṣe: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ń fẹ̀ tó. Èmi náà ò kọ́kọ́ gbà. Bọ̀dá mi kan tó ń ya òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Ifo, tí mo lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn, ló fi korobá àti ìgò kọ́ mi. Wọ́n ní tí òjò bá ń rọ̀, tí o gbé ìgò àti korobá síta, èwo ló máa kọ́kọ́ gba omi tó tó wẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni òjò, ẹnu lẹ́ǹsì ni ẹnu korobá. Tí òjò bá lágbára bí oòrùn ọ̀sán, ìgò pàápàá á rí omi gbà. Tó bá jẹ́ wínníwínní ló ń ṣe, bíi gílóòbù méjì inú gbọ̀ngán wa, o máa dúró ti ìgò yẹn títí.

Dídúró yẹn gan-an ló ba fọ́tò Baba jẹ́. Kámẹ́rà ń dúró kí ìmọ́lẹ̀ tó, Baba ò dúró. Mo ti fà á dé 55mm kí n lè mú ojú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni lẹ́ǹsì wa kì í ti í ṣí ju f/5.6 lọ. Tí ẹ bá pín 55 sí ọ̀nà 5.6, ihò yẹn ò tó mìlímítà 10. Ẹ pín 50 sí ọ̀nà 2.8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 18. Láti f/5.6 dé f/2.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ bi olùkọ́ ìṣirò wa bí wọ́n ṣe ń wá àyè òbìrípo, ẹ máa rí i. Nínú fọ́tò Baba, kámẹ́rà kọ 1/15 ìṣẹ́jú àáyá. Tí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́rin, ó di 1/60. N ò ní purọ́ fún yín, ní 1/60 ọwọ́ ẹni tó ń jó ṣì máa ṣe bàìbàì díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ì bá hàn, ẹ̀rín rẹ̀ ì bá hàn. Ohun tí Baba ń béèrè nìyẹn.

Ẹnìkan á ní kí ló dé tí n ò gbé ISO sókè. Mo gbé e, ó dé 3200. Fọ́tò wá ṣe bí ìgbà tí èèyàn fọ́n gààrí sí i. Inú ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò ni gààrí yẹn sì ti máa ń pọ̀ jù, àwa tí a dúdú la sì máa ń wà níbẹ̀. Fílàṣì ńkọ́? Bọ̀dá mi máa ń yí fílàṣì ńlá wọn sókè sí sílìn funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dára gan-an, mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè nínú gbọ̀ngán wa: páánù àti igi ló wà níbẹ̀, kò sí sílìn. Ìmọ́lẹ̀ á lọ, kò ní padà. Èyí tó wà lórí kámẹ́rà fúnra rẹ̀, iwájú orí àwọn tó jókòó níwájú nìkan ló ń mú dán, ẹ̀yìn wọn á dúdú bíi pé aago méjì òru ni wọ́n ṣèpàdé.

Sí àwọn eléré ìdárayá: mo gbọ́ yín. Lẹ́ǹsì 75-300mm tí ẹ ń wí máa ṣiṣẹ́ lórí pápá lọ́sàn-án, oòrùn Mowe kì í ṣahun. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń ṣe ìdíje ilé sí ilé. Gbogbo ìyókù, inú ilé ni: asẹ́ńbìlì ọjọ́ òjò, ìjiyàn, fífún ni lẹ́bùn, ìdágbére SS3. Níbẹ̀, lẹ́ǹsì yín á bẹ̀rẹ̀ láti f/4, á sì tún padà sí f/5.6 tó ń dá wa lóró báyìí. Ẹ máa dúró sí ẹ̀yìn gólì. Ìyẹn ni mo rí sọ.

Ti àwọn SS1 ló le. Canon 50mm f/1.8 yẹn kéré, kò wúwo, owó rẹ̀ ò tó ti súùmù rárá, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà sì ju ìlọ́po méjì ti f/2.8 lọ. Tó bá jẹ́ owó àpò mi ni, òun ni n bá rà, ká má parọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í fà, kì í sì í sún. Fèrèsé tó ń mú àwòrán nínú kámẹ́rà wa kéré sí ti fíìmù àtijọ́, nítorí náà 50mm á máa rí bíi 80mm. Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì wa: ẹ fi sí 50, ẹ dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ máa sún sẹ́yìn kí gbogbo wọn lè wọlé. Orí àwọn olùkọ́ tó jókòó ní ìlà kejì lẹ máa jókòó lé. Ojú ẹnìkan péré, òun ló dáa jù. Gbọ̀ngán tó kún, ẹ ò ní ráyè.

Ẹ lè ní ká máa pààrọ̀ méjèèjì, ká yọ èyí ká fi tọ̀hún. Pẹ̀lú eruku ibí yìí? Ẹ̀yin tó ń gba ojú ọ̀nà Ọ̀fàdà wá, ẹ mọ bí ìbọ̀sẹ̀ funfun ṣe ń di pupa nígbà ọyẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá yọ lẹ́ǹsì ni ẹnu kámẹ́rà ń là sílẹ̀ fún eruku. Àmì dúdú kan wà ní apá ọ̀tún lókè gbogbo fọ́tò wa láti oṣù kìíní. Ẹni tó yọ lẹ́ǹsì kó lè wo inú rẹ̀ mọ ara rẹ̀.

Olùkọ́ wa tún sọ̀rọ̀ kan tí mo rò títí. Wọ́n ní J.D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tó ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà láti 1968, tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n, kámẹ́rà Brownie tí kò ní fílàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Òótọ́ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún bàbá náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ya irun òun á jókòó, á dúró jẹ́jẹ́, wọ́n sì lè gbé àga rẹ̀ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ò rí bẹ́ẹ̀. A ò lè ní kí ọ̀gá àgbà tún ọ̀rọ̀ wọn sọ nítòsí fèrèsé.

Ó ku irú èyí tí a máa rà. Canon fúnra wọn ní 17-55mm f/2.8 tó jáde ní 2006. Ó dára, ó wúwo, owó rẹ̀ ju agbára wa lọ. Sigma ní 17-50mm tó ní ohun tó ń mú ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró. Tamron ní 17-50mm méjì, ti àtijọ́ ò ní ohun ìmúdúró yẹn, ìkejì tí wọ́n kọ VC sí lára ní in. Èmi fara mọ́ Tamron àtijọ́ yẹn. Ó fúyẹ́ ju ti Sigma lọ, owó rẹ̀ náà sì máa ń kéré. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi ohun ìmúdúró kó yín láyà jẹ: ọwọ́ ayàwòrán ló ń mú dúró, kì í mú ẹni tó ń jó dúró. Wọ́n ní mọ́tò Tamron yẹn máa ń kùn tó bá ń wá ojú. Kó máa kùn. Ṣé jẹnẹrétọ̀ wa á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ni?

N ò kọ iye owó síbí torí dọ́là ló ń darí rẹ̀, iye tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á. Computer Village ní Ìkẹjà la máa lọ, èmi, olùkọ́ kan, àti bọ̀dá mi tó bá ráyè láti Ifo. A máa gbé kámẹ́rà wa àti káàdì rẹ̀ lọ. Ohun àkọ́kọ́, kí a rí i pé 1:2.8 nìkan ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Tí a bá rí 2.8-4, kì í ṣe òun, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Kó má jẹ́ ti Nikon, kò ní wọ ẹnu kámẹ́rà wa. A máa tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá: tí dígí inú rẹ̀ bá ti bu bíi búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ká dá a padà, torí bíbu yẹn á máa tàn ká ni. Lẹ́yìn náà, ká lẹ ojú ewé ìwé ìròyìn kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ká ya á ní f/2.8, ní 17 àti ní 50, ká sì wò ó bóyá lẹ́tà àárín ṣeé kà. Tí wọn ò bá jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká padà sílé pẹ̀lú owó wa.

Ní ti íǹkì, olùkọ́ wa ò ṣàṣìṣe. Ìwé ìròyìn ara ògiri yìí tó jáde kẹ́yìn, ọwọ́ la fi kọ ìdajì rẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi kan náà ni mo sọ lọ́dún tó kọjá pé fọ́tò ìdágbére SS3 máa pa owó íǹkì fún wa, tí àwọn òbí ò sì ra ju mẹ́fà lọ. Ta ló máa ra ojú ọmọ rẹ̀ tó ṣe bàìbàì? Ìdágbére ti ọdún yìí ń bọ̀, inú gbọ̀ngán yẹn náà ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní padà sí Mowe mọ́ lẹ́yìn WAEC.

Ní Sátidé, bóyá ẹ dìbò fún lẹ́ǹsì o, bóyá ẹ ò dìbò o, mo ń lọ sílé Baba ní Ibafo kí n sọ òótọ́ fún wọn. Màá gbé kámẹ́rà dání pẹ̀lú lẹ́ǹsì tí a ní. Lọ́sàn-án, níwájú ilé, nínú oòrùn, òun náà á ya ojú wọn dáadáa, mo mọ̀. Ijó ọjọ́ yẹn ni n ò ní rí yà.