Ojú Gìtá ni Ohùn Wà, Kì í Ṣe Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ní ọdún 1862, ní ilẹ̀ Spéìn, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ gìtá ṣíṣe, Antonio de Torres ọmọ bíbí ẹkùn Almería, ẹni tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń kan gìtá ṣì ń júbà fún títí di òní olónìí, ṣe ohun kan tí ó lè dà bí eré ọmọdé lójú ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń wá: ó mú páálí, ó fi ṣe ẹ̀yìn àti ìhà gìtá, ó sì mú pákó spruce tí ó dára, ó fá a títí ó fi fẹ́lẹ́, ó fi ṣe ojú rẹ̀. Kì í ṣe àìrí igi ni ó sọ ọ́ di onípáálí, nítorí igi iyebíye ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn gìtá tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ohun tí ó fẹ́ fi yé aráyé ni pé ojú gìtá ni ohùn ti ń jáde, àti pé ara tí ó gbé ojú náà dúró, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ páálí, ìránṣẹ́ ni. Torres kú ní 1892, ṣùgbọ́n gìtá onípáálí náà kò bá a kú. Ó wà ní ìpamọ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti orin ní ìlú Barcelona.

Ó ti lé ní 160 ọdún báyìí tí ẹ̀rí yìí ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ bí olówó kan bá wọ ìsọ̀ ẹni tí ń fi ọwọ́ kan gìtá lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi í léèrè ni igi tí ó fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá ní ọ̀gànwó ni, tàbí walnut, tàbí igi kan tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn, ojú oníbàárà á fà ro. Bí ó bá sì jẹ́ rosewood ti ilẹ̀ Bràsíl ni ó dárúkọ, owó gìtá náà lè di ìlọ́po, oníbàárà á sì san án tayọ̀tayọ̀. Àṣà yìí kò bá òtítọ́ mu. Ó ń gba owó tí kò yẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń ra gìtá, ó sì ń gba ohun tí ó ju owó lọ lọ́wọ́ igbó. Ìbéèrè tí ó yẹ kí oníṣẹ́ máa dáhùn ni bí ó ti yan pákó ojú, bí ó ti fá a, àti bí ó ti to àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìdí ọ̀rọ̀, kí ó wo iṣẹ́ tí ojú gìtá ń ṣe. Okùn irin mẹ́fà ni ó ń fa afárá tí a lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń fà á pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwọ̀n 70 kílò, tọ̀sán tòru, fún ọdún gbọọrọ; bẹ́ẹ̀ pákó tí ń ru ìnira yìí kò nípọn ju nǹkan bí 3 mílímítà lọ. Bí ó bá nípọn jù, kò ní lè gbọ̀n, ohùn á sì há sínú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, yóò wọ́, yóò sì ya lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Igi tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé, ìdí sì nìyẹn tí spruce fi gba adé, igi ilẹ̀ olótùútù tí ń fi sùúrù dàgbà lórí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù àti ní etíkun Alaska, tí ó le ní gígùn ìlà rẹ̀ ju bí ó ti le ní ìbú lọ ní ọ̀nà tí ó pọ̀ gan-an. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ kì í la á bí a ti ń la pákó àjà. Láti àárín ìtì jáde síta ni ó ń là á, kí ìlà inú igi lè dúró ṣánṣán nínú pákó, nítorí bí ìlà náà bá dùbúlẹ̀, agbára rẹ̀ á dín kù. Lẹ́yìn tí pákó bá ti gbẹ fún ọdún mélòó kan ni yóò tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí, tí yóò fi ìka kàn án, tí yóò tẹ́tí sí i, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì mọ̀ bóyá kí òun tún fi ìfági kàn án tàbí kí òun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwọ̀n tí a kọ sínú ìwé tí ó lè ṣe èyí fún un, nítorí pákó méjì tí a là lára ìtì kan náà kì í jẹ́ ọgbọọgba. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Àṣejù ìfági kan péré ti tó láti sọ pákó rere di igi ìdáná.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà. Àwọn ọmọ Àyàn a máa wá igi ọ̀mọ̀ tàbí igi apá tí ó hù sí ẹ̀bá ọ̀nà, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé igi tí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èrò láti kékeré ni yóò lè fọhùn bí ènìyàn, ìgbàgbọ́ tí ó ní ọlá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ki ìlù, òkú ewúrẹ́ tí ń fọhùn bí ènìyàn ni à ń pè é: awọ ni oríkì lọ bá. Igi di awọ mú, ọsán fà á le, kọ̀ǹgọ́ bọ́ sórí rẹ̀, awọ ni ó sì dá ará ilé lóhùn. Ipò tí awọ wà lójú dùndún ni pákó spruce wà lójú gìtá.

Abẹ́ ojú gìtá náà ni ọgbọ́n kejì wà, níbi tí ojú oníbàárà kì í dé. Torres to igi tẹ́ẹ́rẹ́ méje síbẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n tàn bí abẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò gìtá lọ sí ìdí rẹ̀. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ dá irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó pé, tí ó sì fi ìdí ara gìtá ńlá àti okùn onígígùn 650 mílímítà múlẹ̀ fún àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ẹlòmíràn gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Christian Friedrich Martin, tí a bí ní 1796 ní Markneukirchen ní ilẹ̀ Jámánì, rékọjá òkun lọ sí New York ní 1833, ó sì tẹ̀dó sí Nazareth ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lẹ́yìn náà. Ní ìsọ̀ rẹ̀, láàárín ọdún 1840 sí 1850, a bẹ̀rẹ̀ sí í to igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kí wọ́n gba ara wọn kọjá bí lẹ́tà X. Nígbà tí okùn irin sì gbòde ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, tí ó sì ń fa ojú gìtá ju okùn ìfun ẹran lọ, ètò X yìí ni ó lè gbé ìnira náà láìpa ohùn, òun sì ni a rí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ gìtá olókùn irin títí di òní. Ṣùgbọ́n àtòpọ̀ nìkan kọ́. Oníṣẹ́ á tún fi ọ̀bẹ àti ìfági kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ orí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, á máa kàn án, á máa gbọ́ ọ. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ibi tí gìtá kan ti ń di ọlọ́hùn dídùn tí èkejì ń di àpótí lásán nìyí, orúkọ igi tí ó wà lẹ́yìn kò sì bá wọn dá sí i.

Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ Torres ti pẹ́ jù, ẹ̀rí tuntun wà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí Roger Bucknall, tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ gìtá, kan gìtá mẹ́fà fún. Gbogbo wọn bá ara wọn dọ́gba bí ọwọ́ ènìyàn ti lè mú nǹkan dọ́gba tó, àfi ẹ̀yìn àti ìhà: ọ̀kan jẹ́ rosewood ti Bràsíl, ọ̀kan rosewood ti Íńdíà, ọ̀kan mahogany, ọ̀kan maple, ọ̀kan walnut, ọ̀kan sì jẹ́ sapele, igi ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín tí ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta. A kó onígìtá 52 jọ, a dín iná kù, a fi awò dúdú tí àwọn wẹ́dà ń lò bò wọ́n lójú, a sì ní kí wọ́n ta, kí wọ́n sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dára tó. Máàkì tí wọ́n fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Nígbà tí a tún ní kí 31 nínú àwọn onígìtá gbìyànjú láti fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn gìtá náà, agbára káká ni. Sapele ti ìhà ọ̀dọ̀ wa àti rosewood tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀ jókòó pọ̀ sórí ẹní kan náà nígbà tí ojú kò sí níbẹ̀ láti dá wọn lẹ́jọ́.

Àwọn tí ó ń gbèjà rosewood kì í ṣe òpè, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní bí a bá fi ìka kan pákó rẹ̀, á dún bí agogo, ohùn á sì pẹ́ nínú rẹ̀, nígbà tí ọ̀gànwó yóò dáhùn ní kúkúrú. Òótọ́ ni. Igi wúwo ni, ó le, ohùn kì í tètè kú nínú rẹ̀. Ó rẹwà púpọ̀, ó sì gba títẹ̀ lórí iná. Ṣùgbọ́n pákó tí a gbé lọ́wọ́ kì í ṣe pákó tí a ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ìhà, tí a ti fi igi tì lẹ́yìn, tí onígìtá sì gbé kọ́ àyà tí aṣọ àti ara rẹ̀ ń gbá a mú. Ohun tí ó kù lára ìyàtọ̀ náà nígbà náà kéré púpọ̀ sí èyí tí ìyípadà díẹ̀ nínú ìnípọn ojú gìtá lè mú wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹwà rosewood, kí ó sọ pé ẹwà ni òun ń rà.

Òkìkí náà sì ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Igi yìí wà káàkiri lọ́jà nígbà kan, tí wọ́n ń kó o wá láti igbó etíkun Bràsíl fún àwọn tí ń ṣe àga àti dùùrù, àwọn tí ń ṣe gìtá sì lò ó nítorí pé ó wà nítòsí. Ilé iṣẹ́ Martin lò ó títí di 1969, kí wọ́n tó yí sí ti Íńdíà nítorí ti Bràsíl ti di ọ̀wọ́n. Láti ìgbà náà ni gìtá àtijọ́ ti di ohun tí à ń ki, tí a sì rò pé igi ni ó sọ wọ́n di arúgbó ọlọ́lá, a gbàgbé pé ọwọ́ tí ó kan wọ́n àti ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ní ìpín tiwọn.

Ohun tí òkìkí fi igbó ṣe kò ṣeé fojú fò. Ní 1992, àdéhùn gbogbo ayé lórí òwò ohun abẹ̀mí tí ó fẹ́ parun, èyí tí a ń pè ní CITES, fi rosewood Bràsíl sí ìpele tí ó le jù lọ. Ní 2017, gbogbo ẹ̀yà igi tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wọ abẹ́ òfin, kí a tó yọ̀ǹda gìtá tí a ti kàn tán ní 2019. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, igi kan tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso, tí kì í ṣe rosewood tòótọ́ ṣùgbọ́n tí ó jọ ọ́, ni a gé ní àgéèwẹ̀yìn láti kó lọ sí Ṣáínà fún àga àti ibùsùn, débi pé ní 2018 CITES ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dẹ́kun rírà á lọ́wọ́ wa. Gìtá kọ́ ni ó jẹ igi yẹn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ orúkọ ni ó jẹ ẹ́. Ọ̀gànwó àti apá pàápàá wọ ìwé àwọn igi tí à ń ṣọ́ ní 2022. Nítorí náà kò tó kí a yọ adé lórí igi kan kí a sì gbé e lé òmíràn lórí. Igi kan kì í dá igbó ṣe, kò sì yẹ kí igi kan máa dá gbogbo ẹrù àwa ènìyàn rù.

Bob Taylor, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ gìtá Taylor sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1974, rí irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan láti Spéìn ra ilé ìlagi kan ní Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní 2011. Ó gbọ́ pé nínú igi ebony mẹ́wàá tí àwọn agégi bá gé lulẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ dúdú tó bí ọjà ti ń fẹ́, wọ́n á sì fi mẹ́sàn-án tí ó ní ìlà funfun sílẹ̀ kí ó jẹrà. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa lo gbogbo rẹ̀. Ìlà funfun lójú ọrùn gìtá kì í dí ìka lọ́wọ́. Òun yìí kan náà ni ó ti ṣe gìtá kan ní 1995 tí ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ jẹ́ igi oak tí wọ́n tú lára pèpéle tí a fi ń kó ẹrù, àwọn ènìyàn sì ta á, wọ́n sì yìn ín.

Kí wá ni kí ẹni tí ń kan gìtá ṣe? Kí ó ná owó rẹ̀ lórí pákó ojú, spruce tàbí kédárì, nítorí kò sí igi ilẹ̀ gbígbóná tí ó rọrùn láti fi rọ́pò wọn níbẹ̀. Kí ó sì mú igi ẹ̀yìn láti inú ohun tí ó hù nítòsí rẹ̀ tí a sì lè gbìn padà, walnut àti maple fún ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tíìkì tí a gbìn fún ará ilẹ̀ wa, bí ó bá ti gbẹ dáadáa, tí kò lọ́, tí kò sì ya. Owó tí oníbàárà ìbá san lórí rosewood, kí ó fi ra àkókò oníṣẹ́: kí ó lè yan pákó ojú kan nínú márùn-ún, kí ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan kún ọ̀sẹ̀ tí yóò fi máa gbẹ́ igi abẹ́ rẹ̀, kí ó lè ṣe ọrùn tí yóò bá ọwọ́ ẹni náà gan-an mu. Nígbà tí ọjọ́ yíyàn bá sì pé, kí oníbàárà di ojú rẹ̀, kí wọ́n gbé gìtá mẹ́ta lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó ta wọ́n pẹ́, kí ó mú èyí tí etí àti ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti mú un tán ni kí ó tó béèrè orúkọ igi.