Abéèrè Kì Í Ṣìnà, Bí Ẹni Tí A Bi Bá Dáhùn

  

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà gbà pé ẹni tí a bi léèrè yóò ya ẹnu rẹ̀. Bí àlejò bá dúró ní oríta, tí ó bi ará ìlú léèrè ọ̀nà, tí ẹni náà wò ó tí ó sì kọjá lọ, àfàìmọ̀ kí abéèrè má ṣìnà pẹ̀lú. Èyí gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lónìí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ dígírì tí ènìyàn ń kà láti ilé ara rẹ̀ láìfi iṣẹ́ tàbí ọmọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ ní ọdún yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìkan ni. Nínú ìlú wa yìí, a ní àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n tún ń kọ́ni ní ilé-kéwú nírọ̀lẹ́. A ní àwọn ìyá tí wọ́n ti parí Sánáwì kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. A ní àwọn aránṣọ àti àwọn oníṣòwò tí ń ná ọjà Ọ̀fà, tí ọpọlọ wọn pé, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ọdún mẹ́rin jókòó sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Bí ilẹ̀kùn kan bá ṣí sílẹ̀ fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ni.

Ilẹ̀kùn náà kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ń fún àwọn tí kò fẹsẹ̀ tẹ ọgbà rẹ̀ ní àǹfààní láti ṣe ìdánwò dígírì. Nípa ọ̀nà yìí ni olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba dígírì ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944, nígbà tí ó wà nílé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, tí ó sì ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Nelson Mandela gba dígírì àkọ́kọ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Gúúsù Áfíríkà ní 1943, ó sì gba ti ìmọ̀ òfin láti ibẹ̀ kan náà ní 1989, nígbà tí ó ṣì wà lẹ́wọ̀n. Nílẹ̀ wa níbí, Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1974. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná, èyí tí a mọ̀ sí NTI, bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ó sì sọ ọ̀pọ̀ olùkọ́ di ẹni tó níwèé-ẹ̀rí láìkúrò ní kíláàsì wọn. Ní òpin àwọn ọdún 1980, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú. Yunifásítì Ìlọrin náà ti ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn báyìí.

Ti Yunifásítì Àpapọ̀ tí ń jẹ́ National Open University, NOUN, ni ó yani lẹ́nu jù. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun ti tì í pa. Ọdún 2001 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò àtijí rẹ̀. Nígbà tí ó kúrò lórí oyè, òun fúnra rẹ̀ wọlé síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé ìwé tí a kà nílé kì í ṣe ìwé, kò mọ ìtàn ni.

Bí ọ̀nà bá dára tó báyìí, kí ni ó wá ń dí àwọn ọmọ wa lọ́wọ́? Owó wà níbẹ̀, iná mọ̀nàmọ́ná wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fojú ara wa rí ni pé ọ̀pọ̀ ń ṣubú ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè.

Àwa kan nínú olùkọ́ àti òbí ilé-ẹ̀kọ́ yìí bá àwọn ọ̀dọ́ wa kan wádìí káàkiri. A kò ní í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, nítorí a kò jáde láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Nọ́ńbà fóònù tí ọ̀kan kọ sára ìwé ìpolówó rẹ̀ dún títí fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbé e. Òmíràn gbé e, ọ̀rọ̀ kan péré ni ó sọ: "Ẹ lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Nígbà tí a sì lọ wò ó, iye owó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni a bá níbẹ̀. Ní ọ́fíìsì kẹta, akọ̀wé kò gbójú sókè kúrò lára fóònù rẹ̀ kí ó tó ní kí á ra fọ́ọ̀mù ná, pé a ó mọ ìyókù bí a bá wọlé tán. Ta ni yóò san owó iṣu tí wọn kò jẹ́ kí ó fojú rí?

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ìwé-ẹ̀rí Sánáwì. Ọmọ wa kan fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé-ẹ̀rí tí àjọ NBAIS ní Kàdúná ń fún àwọn tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá yóò tó láti wọlé, tàbí ó gbọ́dọ̀ lọ ṣe WAEC tàbí NECO kún un. Ẹni mẹ́ta nínú ọ́fíìsì kan náà ni ó bi. Ọ̀kan ní ó tó, ọ̀kan ní kò tó, ẹnì kẹta bi í pé kí ni ń jẹ́ NBAIS. Ọmọ náà bá wa padà sílé láìsọ̀rọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pa ìwé tì, ta ni a ó dá lẹ́bi?

A gbọ́dọ̀ sọ ti rere pẹ̀lú. Ní ọ́fíìsì kan, ìyáàfin kan fún wa ní àga, ó mú bébà, ó kọ ohun márùn-ún tí ọmọ náà yóò mú wá, iye tí yóò san láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ibi tí yóò ti ṣe ìdánwò. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì ná ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà nínú apó.

Àwọn kan yóò ní yunifásítì kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, pé ẹni tí ń wá ìmọ̀ ni ó yẹ kó máa sáré. A gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sáré. A sì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kò tó, pé ẹnì kan lè máa dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lóhùn lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì tí wọ́n ń jókòó kà á lè dé ọgbà, kí ó rí kíláàsì, kí ó bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Ẹni tí yóò kàwé láti Ẹ̀rìn-Ilé kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ìdáhùn tí wọ́n bá fún un. Ìdáhùn náà ni ọgbà rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá lè dáhùn kí ó tó gba owó, báwo ni yóò ṣe dáhùn nígbà tí èsì ìdánwò ọmọ náà bá sọnù, tí ó sì jìnnà sí wọn?

Ewu tí ó ju èyí lọ tún wà. Bí olóòótọ́ bá dákẹ́, ọ̀gbójú èké ni yóò sọ̀rọ̀. Àwọn tí ń ta ìwé-ẹ̀rí jìbìtì kì í jẹ́ kí fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì. Wọn a kí ọ, wọn a gbàdúrà fún ọ, wọn a pè ọ́ padà lálẹ́. Ní oṣù kejìlá 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan tú àṣírí bí òun ṣe gba dígírì yunifásítì kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ó sì fi wọ ètò àgùnbánirọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìwé-ẹ̀rí àwọn ènìyàn tó ju 20,000 lọ kò ní í jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà mọ́. Nínú irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀, a kò gbàgbọ́ pé gbogbo wọn ni olè. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí ó tètè dá wọn lóhùn.

Òótọ́ tí wọn kò sọ náà lè pa ènìyàn lára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ka ìmọ̀ òfin ní NOUN parí, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò kò gbà wọ́n. Ó di ìgbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àtúnṣe òfin yunifásítì náà ní 2018 kí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí kí ó tó wọlé yóò mọ bí yóò ṣe ṣètò ayé rẹ̀.

Àwa tí a ń ka Kùránì kò ṣàì mọ ìtàn inú Sūratu Abasa. Afọ́jú kan, Abdullahi ọmọ Ummu Maktūm, wá béèrè ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ńláńlá wà níjòkòó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí ó wá nítorí ìmọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ojú wa, kódà bí kò ní owó tàbí ipò lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Kí wọ́n kọ iye owó gbogbo sílẹ̀ ní ojú kan, ti fọ́ọ̀mù, ti ìwé, ti ìdánwò àti ti iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Kí wọ́n ní ẹnì kan pàtó tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídá olùbéèrè lóhùn, tí yóò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ìwé-ẹ̀rí Sánáwì sínú ìlànà wọn kedere, bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á, kí ọmọ ilé-kéwú má baà máa rìn kiri bí ẹni tí kò ní baba.

Ẹ̀yin ọmọ wa àti ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín náà wà. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú àkọsílẹ̀ àjọ NUC tí ń ṣàkóso àwọn yunifásítì. Ẹ má dúró níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kà gan-an ní ìfọwọ́sí, nítorí yunifásítì lè ní i kí ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ má ní. Ẹ béèrè ibi ìdánwò, àti bí ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ ti rí fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá gbọ́ pé NOUN kì í béèrè ìdánwò JAMB kí ó tó gbani, kó má rò pé ìyẹn fi kírẹ́dìtì WAEC tàbí NECO dá òun sí. Ẹ gba ìdáhùn ní kíkọ. Ẹ má ṣe san owó sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́, bí ó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Bí wọn kò bá sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún béèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe oore.

Àwa náà ní ẹnu ọ̀nà tiwa. Òbí tí kò mọ Ìdáàdì yàtọ̀ sí Sánáwì lè wọ ọgbà wa lọ́la láti wádìí. Kí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí i fún un ní àga, kí ó sì dá a lóhùn títí yóò fi yé e. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ń béèrè pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ rẹ̀ lóhùn níta gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń dáhùn nílé.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kẹ́ wa, kí Ó ṣí ọ̀nà fún gbogbo àwọn tí ń béèrè, kí Ó sì fi ẹnu rere sí àwọn tí a ń bi léèrè. Àmín.