Kọ̀ǹpútà Kọjá Ìwé Títẹ̀

Nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ ta ilé-ẹ̀kọ́ yìí lọ́rẹ, kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí ìwé títẹ̀ nìkan ni a bá fi í kọ́ àwọn ọmọ wa, ọkọ́ ni a fún wọn, a kò fi oko hàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo aago átọ́ọ̀mù. Ní ọdún 1955, ní Teddington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Louis Essen àti Jack Parry ṣe aago tí ó ń fi átọ́ọ̀mù sísíọ̀mù díwọ̀n àkókò. Átọ́ọ̀mù kì í yẹ̀. Ẹ̀rọ tí ènìyàn ṣe ni ó ń yẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ irú aago bẹ́ẹ̀ lóde òní. Ẹ̀rọ a máa rán ìgbì sí àwọn átọ́ọ̀mù. Bí ìgbì náà bá bá tiwọn dọ́gba, ọ̀pọ̀ nínú wọn a yí ipò padà. Kọ̀ǹpútà a ka iye tí ó yí padà. Bí ó bá rí i pé ìgbì ti yẹ̀ díẹ̀, a dá a padà, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni aago NIST-F2, tí Amẹ́ríkà fi lọ́lẹ̀ ní ọdún 2014, ṣe péye tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní fi ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹ̀ ní mílíọ̀nù 300 ọdún.

Àǹfààní rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Aago átọ́ọ̀mù inú sátẹ́láìtì ni fóònù fi ń mọ ibi tí a wà. Bí aago náà bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀, àṣìṣe náà a tó nǹkan bí mítà 300.

Ẹnìkan lè wí pé ilé-ẹ̀kọ́ wa kò lówó irú aago bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, a kò sì nílò rẹ̀. Àpótí tí ẹyin adìẹ ti ń pa ní láti móoru dé nǹkan bí ìwọ̀n 37.5 Sẹ́lṣíọ̀sì. Kọ̀ǹpútà kékeré kan lè máa ka ooru rẹ̀, kí ó fi í wé ìwọ̀n tí a fẹ́, kí ó sì tan iná tàbí kí ó pa á. Ọgbọ́n kan náà ni.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ta wá lọ́rẹ kọ̀ǹpútà ní àjọ̀dún yìí, kí ó jọ̀wọ́ fi ohun èlò ìdíwọ̀n kún un, kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà sì jọ máa lò ó. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe béèrè iye kọ̀ǹpútà tí a ní mọ́. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ yín ti fi ṣe.