Irorẹ́ Kì í Ṣe Ẹ̀gbin

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí irorẹ́ bá bo ojú ọ̀dọ́langba ní Kàdúná, ohun tí àwọn òbí mìíràn kọ́kọ́ ń sọ ni pé ọmọ náà kì í wẹ̀. Láti Kakuri dé Kawo, ọṣẹ ni wọn a kọ́kọ́ rà. Bí ọṣẹ kò bá gbọ́ ọ, ìpara àpòpọ̀ ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń po sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́, èyí tí òun fúnra rẹ̀ a máa fa irorẹ́. Ojú ni wọ́n ń tọ́jú. Inú ni ọ̀ràn lè wà.

Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní ínsúlìn, tí wọ́n ṣàwárí ní Toronto, ní Kánádà, ní ọdún 1921. Òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti wọ inú ẹran ara, kí ó lè di agbára. Lára àwọn mìíràn, ìlẹ̀kùn náà a máa le, ara a sì máa tú ínsúlìn jáde ju bí ó ti yẹ lọ. Àpọ̀jù yìí a ru èròjà akọ sókè, èyí tí ó wà lára obìnrin pẹ̀lú. Awọ a máa sun òróró jù, ihò rẹ̀ a dí, irorẹ́ a sì yọ.

Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ròyìn pé nínú ènìyàn 1,200 tí wọ́n yẹ̀ wò ní erékùṣù Kitava, ní Papua New Guinea, àwọn kò rí ẹnìkan tí ó ní irorẹ́. Iṣu, ànàmọ́, èso, àgbọn àti ẹja ni oúnjẹ wọn. Ní ọdún 2007, wọ́n fi ọ̀dọ́kùnrin 43 ṣe ìwádìí ní Ọsirélíà fún ọ̀sẹ̀ 12. Irorẹ́ àwọn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí kì í tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ dínkù ju ti àwọn yòókù lọ.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo irorẹ́ ni ó ti ibẹ̀ wá. Ìbàlágà àti àjogúnbá tó láti mú un yọ. Ṣùgbọ́n bí irorẹ́ ọmọbìnrin kò bá lọ, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí irun ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tí kò fọ̀ ọ́, kànìnkànìn kò lè bó o. Àmì ni. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀bùn lónìí ni wọn yóò pè ní àgàn lọ́la, tí wọn yóò máa gbé kiri ilé aláwo àti orí òkè àdúrà, nígbà tí àtọ̀gbẹ lè máa kọ́lé sí i lára.

Ìjọba àpapọ̀ fi òfin ìnáwó ọdún 2021 gbé owó orí náírà 10 lé líta ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Owó orí kò lè ṣọ́ ẹnu ọmọ bí òbí ti lè ṣọ́ ọ. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ kò wọ́n ní ọjà Kàdúná débi tí búrẹ́dì funfun àti ẹlẹ́rìndòdò yóò fi di oúnjẹ òòjọ́ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní àjò. Ilé ìwòsàn Barau Dikko sì wà láàrin ìlú. Kí ìyá tí ó fẹ́ ra ìpara kejì kọ́kọ́ fi owó náà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ wò. Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú.