Irọ́ Ni Wọ́n Ń Pa Mọ́ Creedence

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbà á láìbéèrè ìdí. Wọ́n ní ayédèrú ni ẹgbẹ́ Creedence Clearwater Revival. Wọ́n ní ọmọ California ni wọ́n, wọn ò mọ ilẹ̀ irà Louisiana, wọn ò mọ odò Mississippi tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀, ohùn tí John Fogerty, olórí akọrin wọn, fi ń kọrin kì í ṣe ohùn ilé bàbá rẹ̀, nítorí náà àfarawé lásán ni gbogbo rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí dénú, n kò sì ní fi bò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ni mo fi ń jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà á. El Cerrito, ìlú kékeré kan ní òdìkejì omi sí San Francisco, ni John, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tom, Stu Cook àti Doug Clifford ti dàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ ni John, Stu àti Doug ti pàdé. Ní 1959 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Blue Velvets, Tom sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọdún 1968 ni àwo orin àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ Creedence jáde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n bí sí gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí Louisiana àti Mississippi wà. Òótọ́ tó wà nínú ẹ̀sùn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń fi ẹ̀sùn kàn wọ́n kò tilẹ̀ yẹ àwòrán ilẹ̀ wò. Ìlú Lodi tí wọ́n kọrin nípa rẹ̀, California ló wà, ní àárín àwọn oko àjàrà. Odò inú “Green River”, tí gbogbo ayé gbà pé odò gúúsù ni, Putah Creek ni, omi kan nítòsí ìlú Winters ní California kan náà, níbi tí àwọn òbí John máa ń kó àwọn ọmọ wọn lọ nígbà ìsinmi. Orúkọ orin náà gan-an, ara ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan ló ti rí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọmọdé tó ń wẹ̀ lódò ibi ìsinmi rẹ̀, tó wá dàgbà tó fi kọrin, ibo ni ayédèrú ti wọ̀ ọ́?

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀sùn náà ti kùnà jù lọ ni pé ó gbà pé ojú kan ni orin gúúsù jókòó sí. Richmond ni ìlú tó pa ààlà pẹ̀lú El Cerrito. Ibẹ̀ ni Henry Kaiser kọ́ àwọn ibùdó ìkanọkọ̀ rẹ̀ sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ojú omi 747 ni wọ́n sì kàn níbẹ̀. Ta ló kàn wọ́n? Èèyàn dúdú àti funfun tí wọ́n di ẹrù wọn ní Louisiana, Texas, Arkansas àti Oklahoma, tí wọ́n wá wá iṣẹ́. Ní 1940, nǹkan bí èèyàn 24,000 ló ń gbé Richmond. Nígbà tó fi máa di 1950, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100,000. Ẹ rò ó wò: ṣé ẹni tó kó ẹbí rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀ rìnrìn àjò tó jìn bẹ́ẹ̀ yóò fi orin rẹ̀ sílẹ̀ sílé? Blues bá wọn dé, orin ṣọ́ọ̀ṣì bá wọn dé, ilé ijó Oakland gbà á, rédíò sì ń gbé e kiri. Ọdún 1945 ni wọ́n bí John, Stu àti Doug. Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn ni gúúsù ti dé àdúgbò wọn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ dùndún lù ni wọ́n bí sí ìdílé Àyàn. Ẹni tó jókòó ti ọ̀gá, tó gba ìkọ́, tí ìlù rẹ̀ sì ń fọhùn, onílù ni. Àwọn ọmọ yìí fi ọdún mẹ́sàn-án lù ú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n gba “Suzie Q” lọ́wọ́ Dale Hawkins, ọmọ Louisiana, wọ́n nà án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kò sì súni. Ẹ gbọ́ “Born on the Bayou”: gìtá John ń gbọ̀n bí ó ti ń ké, Doug kò sáré, ó ń fi ìlù fa orin náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, Tom di ojú orin mú kò yà, Stu sì ń rìn lábẹ́ wọn. Ọwọ́ wọn kò gbé ohun kan tó pọ̀jù. Àwo mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde nínú ọdún 1969 nìkan. Orin márùn-ún wọn dé ipò kejì lórí àtẹ Billboard, ọ̀kan ò dé ipò kìíní, ó sì ń dùn mí títí dòní.

“Fortunate Son”, orin wọn lórí ogun, ńkọ́? Ìbínú inú rẹ̀ kì í ṣe àyálò. Nígbà ogun Vietnam, John wọ ẹgbẹ́ ológun àfikún, Doug náà wọ ti àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tálákà tí ìwé ìpè sógun yóò kàn lára àti ọmọ àwọn alágbára tí ọ̀nà àbáyọ ti là fún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní olè ni gbogbo funfun tó bá kọ orin èèyàn dúdú. Ìrora wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, n kò ní gbà á ṣeré, torí ọ̀pọ̀ akọrin dúdú ló kú nínú ìṣẹ́ nígbà tí àwọn mìíràn ń fi orin wọn lówó. Àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orí “Good Golly, Miss Molly” ti Little Richard tilẹ̀ pe Creedence lẹ́jọ́ lórí “Travelin’ Band”. Ọ̀rọ̀ náà parí níta kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó ń gbà. Nígbà náà, John fúnra rẹ̀ kò ni orin tó kọ; Fantasy, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, ló ni wọ́n. Nígbà tó gbé “The Old Man Down the Road” jáde, wọ́n pè é lẹ́jọ́ pé ó jọ “Run Through the Jungle”, orin Creedence tó jẹ́ pé òun náà ló kọ ọ́. Ní 1988 ó gbé gìtá wọ kóòtù, ó ta á lójú àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́, wọ́n sì dá a láre. Ọdún 2023 ló tó ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀tọ́ orí orin rẹ̀ padà. Ìwé àdéhùn ló ń jẹ akọrin run, dúdú àti funfun. Àwọn tó ń bi John léèrè ibi tí wọ́n bí i sí kì í bèèrè ìwé yẹn.

Ó wá ku ẹlẹ́rìí tí wọn ò lè dá padà. Clarksdale, ní ìpínlẹ̀ Mississippi gan-an, ni wọ́n bí Ike Turner sí. Nutbush ní Tennessee ni Tina Turner ti dàgbà. Akọrin dúdú ni àwọn méjèèjì, ọmọ agbègbè odò Mississippi. Nínú gbogbo orin ayé, “Proud Mary” tí John, ọmọ El Cerrito, kọ ni wọ́n mú. Ní 1971 wọ́n gbé e dé ipò kẹrin lórí Billboard, wọ́n gba Grammy lórí rẹ̀, Tina sì ń kọ ọ́ lórí ìtàgé títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ṣì ń pè é ní ayédèrú, kó sọ fún wa ọmọ gúúsù tó rán an níṣẹ́.