Igbó Etí Odò Usuma Kì í Ṣe Ilẹ̀ Títà

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ń gbé Ushafa, Bwari, Dutse, Kubwa àti gbogbo agbègbè wọn, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ayẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ igbó ni, ọ̀rọ̀ omi ni, ọ̀rọ̀ orúkọ wa sì ni pẹ̀lú.

Gbogbo wa ni a mọ igbó àti òkè tí ó yí adágún Usuma ká. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé àwọn tí ń ta ilẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn. Lónìí wọn a gé igi díẹ̀, lọ́la wọn a ri òpó símẹ́ǹtì kéékèèké mọ́lẹ̀, ní ọ̀túnla wọn a wá bá wa pé púlọ́ọ̀tì wà, pé atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, pé láti ojú fèrèsé ni ènìyàn yóò ti máa wo omi. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn ájẹ́ǹtì tí ń tà á, ọmọ Yorùbá sì wà nínú àwọn tí ń rà á. A kò lè fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwa wí pé kò dára, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Èkínní, omi wa ni. Dáàmù Usuma Ìsàlẹ̀, tí a kọ́ ní 1984, ni ó ń fún Abuja ní omi ẹ̀rọ. Ó lè gba omi tí ó tó 100 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Omi odò Gurara pàápàá, tí a fi páìpù tí ó gùn ju 70 kìlómítà lọ fà wá láti Ìpínlẹ̀ Kaduna, inú adágún yìí náà ni ó ń dà sí kí a tó sẹ́ ẹ fún ìlú. Ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń bu mu, àti ọlọ́lá ní Maitama àti alágbàṣe ní Dutse.

Igbó tí ó wà létí ìkòkò yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkè, ewé ni ó kọ́kọ́ gbà á; gbòǹgbò a di erùpẹ̀ mú; omi a rọra wọ inú ilẹ̀ lọ kí ó tó sun jáde sínú odò. Bí a bá gé igi náà tán, òjò yóò máa na ilẹ̀ ní ìhòòhò, yóò sì máa gbá erùpẹ̀ lọ sínú adágún. Erùpẹ̀ tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í sábà jáde mọ́. Ọdọọdún ni yóò máa gba àyè omi. Lẹ́yìn èyí ni ṣáláńgá, epo mọ́tò àti ìdọ̀tí ilé tuntun yóò máa ṣàn lọ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ omi yóò máa da álọ́ọ̀mù àti kílórìnì púpọ̀ sí i, àwa ni a ó sì san owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi lọ́wọ́ mairuwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Èkejì, a ti rí irú èyí rí ní ilé wa. Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn léèrè ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Wọ́n ti kọ́lé dé etí odò, wọ́n ti da ìdọ̀tí dí ojú ọ̀nà omi, ìgbà tí òjò ńlá dé, omi gbé ilé, ó gbé òkú. Títí di òní, Omíyalé ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé Abuja yàtọ̀. Ní 2021 àti 2023, omi ya wọ ilé àwọn ènìyàn ní Lugbe, níbi tí wọ́n kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Ó gbé mọ́tò, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Owó gọbọi ni wọ́n fi ra ilé wọ̀nyẹn.

Ẹ̀kẹta ni òfin. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 297, sọ pé Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ Abuja. Ìwé tí a kọ lábẹ́ igi, tí ẹlẹ́rìí méjì tẹ ìka sí, kò lè borí èyí. Láàrin 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai ṣe mínísítà níhìn-ín, a rí bí katakata ti wó ilé lórí ilé nítorí pé wọn kò bá àwòrán ìlú mu. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún ọ yóò ti ná owó rẹ̀ tán nígbà tí katakata bá dé. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wà ní Gáná ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú omijé: ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ láti wá a tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ lọ. Àlejò tí ó gbọ́n kì í fi òógùn ogún ọdún lé orí ìwé tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé, “Igbó Gwari ni, kí ni ó kàn wá níbẹ̀?” Àwa bi wọ́n padà: ta ni ó gbà wá sílé? Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Gwari, ti ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún olú-ìlú yìí láti ìgbà tí Àṣẹ 6 ti ọdún 1976 ti jáde. Àwọn obìnrin Ushafa ni wọ́n ń fi amọ̀ mọ ìkòkò tí òkìkí rẹ̀ kàn. Abúlé yìí ni Ààrẹ Clinton ti Amẹ́ríkà wá wò ní oṣù kẹjọ ọdún 2000. Bí àwa àlejò bá wá di ẹni tí ń ra ìyókù ilẹ̀ wọn mọ́ wọn lójú, orúkọ wo ni wọn yóò pe ọmọ wa?

Bẹ́ẹ̀ ni igbó títọ́jú kì í ṣe nǹkan àjèjì sí Yorùbá. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé àwọn ìlú wa ní igbó ilé tí ó yí odi ká, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé nítorí ogun. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó tó hẹ́kítà 75, ṣì dúró nígbà tí ìlú ti yí i ká. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Òṣogbo kò torí èyí di abúlé.

Àwọn mìíràn ń wí pé ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ilé gbé. Òtítọ́ ni. Owó ilé ń pa wá, àwa náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni púlọ́ọ̀tì etí omi wà fún? Ṣé télọ̀ ni àbí tíṣà? Ilẹ̀ olú-ìlú yìí ju 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ẹ sì wo ilé ńláńlá tí ó ṣófo nínú ìgboro. Àìsí ilẹ̀ kọ́ ni ó mú wọn dé inú igbó, ojúkòkòrò ni. Ọmọ Yorùbá, Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ni alága ìgbìmọ̀ tí ó yan ibí yìí ní 1975, nítorí pé Èkó ti kún àkúnya. Omi sì wà nínú ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ wa sọ Abuja di ohun tí a sá fún.

Àwọn tí ó kù ń wí pé olówó ni ó wà nídìí rẹ̀, apá wa kò lè ká a. Ní Nairobi, ní 1998 àti 1999, àwọn alágbára pín igbó Karura fún ilé kíkọ́. Obìnrin kan, Wangari Maathai, kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n ń gbin igi sí i. Wọ́n lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde lórí rẹ̀ ní oṣù kìíní 1999, kò padà lẹ́yìn. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Moi fòfin de pípín ilẹ̀ ìjọba. Karura wà títí di òní, wọ́n sì fún Maathai ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2004.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín nìyí:

1. Kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan má ra ilẹ̀ nínú igbó náà, kí ó má ta á, kí ó má sì ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹni tí ń tà á.

2. Kí àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti awakọ̀ típà wa béèrè ibi tí iṣẹ́ wà kí wọ́n tó gba owó. A mọ̀ pé ebi kì í gbọ́ ìwàásù, nítorí náà kí àwọn ọ̀gá tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn níbòmíràn kọ́kọ́ pe àwọn wọ̀nyí.

3. Kí àwọn aṣojú wa tẹ̀lé àwọn àgbààgbà Ushafa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Bwari àti sọ́dọ̀ Mínísítà, kí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ri òpó ààlà igbó àti dáàmù sí gbangba, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní Gbagyi, Haúsá àti Yorùbá.

4. Kí a sọ fún wọn pẹ̀lú pé àwọn àgbẹ̀ aláìní tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kò yẹ ní lílé bí ẹran. Kí wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn kí a tó ní kí wọ́n kúrò.

5. Nígbà òjò, kí ẹ̀ka wa gbin igi sí ibi tí wọ́n ti gé, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn onílé wa.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé ìdílé. Ẹni tí wọ́n bá ti fi púlọ́ọ̀tì igbó lọ̀, kí ó wá bá akọ̀wé wa sọ ọ́ kí owó tó jáde lápò rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní èsì sí ohun tí a kọ, ìpàdé wa ṣí sílẹ̀. Kí ó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa.